Ọ́ìlì Ẹlòmíràn Nínú Ìgò Nọ́ọ̀sì

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò Atong Abè, ní Libreville, olú ìlú Gabon, ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ apá tiwọn, ìyàwó mi náà mọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo máa ń fò tí mo bá ń sọ ọ́, ibi tó ń tì mí lójú jù lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní fò ó.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi. Páànù ló bò ó lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà sì wà lápá ọ̀tún mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jù ni pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìn, èyí tí gbogbo èèyàn ibí ń pè ní vidange, títí kan àwa Yorùbá. Ọ́ìlì lásán ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ń rà, kì í ṣe àwọn ọ́ìlì olówó ńlá tí wọ́n máa ń kọ ọ́ sára agolo wọn pé ó lè rin ìrìn gígùn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní fún gbogbo wọn: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà, kò gbọdọ̀ lé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn ló fún mi ní òfin náà. N kò bi í rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta, tí kì í ṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Mo tún ní àṣà kan. Tí oníbàárà bá dé, mo máa ń fa gééjì yọ, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìn. Mo máa ń fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀, mo máa ń gbójú sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣírò, kí n tó wá sọ pé, "Ó ti kú." Tàbí, "Ó ku ọ̀sẹ̀ kan." Àwọn èèyàn gbà mí gbọ́. Èmi náà gba ara mi gbọ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ́ìlì tó dúdú lè jẹ́ ọ́ìlì tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, pé ìdọ̀tí ẹ́ńjìn tó ń kó mọ́ra ló sọ ọ́ di dúdú, àti pé ìka kò lè mọ ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú àwọn oníbàárà mi, obìnrin Yorùbá kan tó ń gbé ní Sibang. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Àbúrò mi ló máa ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Apá àti ẹsẹ̀ òsì bàbá náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń ṣòro fún un láti sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kékeré wọn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìrìn. Láti ibẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀, á tún padà wá gbé e. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ náà ń rìn gan-an. Kí oṣù méjì tó pé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti pé, yóò sì tún ní láti fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi láti àárọ̀ di ọ̀sán, torí èrò máa ń wà níwájú rẹ̀.

Ó bi mí nígbà kan, "Àbúrò mi, ṣé dandan ni mẹ́ta yìí? Mo ka ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá. Ó ní ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kọ ìwé yẹn ò mọ ojú ọ̀nà wa níbí. Wọn ò mọ ooru wa, wọn ò mọ irú epo tí à ń rà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bó ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tó gbé ìgò ike kékeré kan lé mi lọ́wọ́, tó mọ́ tónítóní, tí ìdérí rẹ̀ le. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń yẹ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ńlá àti ti katakata wò fún àwọn ilé iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti sọ pé òun á bá a yẹ ti ọkọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó lè rìn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ.

"Tí o bá ń tú u, jọ̀ọ́, gba díẹ̀ sínú ìgò yìí fún mi láàárín ìgbà tó bá ń dà," ló wí. "Bí àwa náà ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fi ohun tójú ò rí hàn wá."

Awakọ̀ takisí kan jókòó sórí táyà kan nítòsí nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Nàgó ni, láti apá Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Sotega ló ń gbé, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì takisí tirẹ̀ tán ni, èyí tí mo tú kúrò nínú rẹ̀ ṣì wà nínú bàsíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́, wọ́n fẹ́ fún ẹ ní ìdánwò o," ló wí. "Bó o bá fìdí rẹmi ńkọ́?"

Ẹni tó ń lẹ táyà náà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ìdánwò, ó ní kí n má dá wọn lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Nọ́ọ̀sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi náà wa takisí rẹ̀ lọ.

Mo tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìn ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo fi ìka ra á bí mo ti ń ṣe. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi dáadáa. Kò nípọn jù, kò sì ṣàn jù. Tí ẹlòmíràn bá ní kí n sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, mo máa sọ pé ọ́ìlì náà kò tíì ṣe é dànù. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Mo rí i lọ́kàn mi bí ìwé á ṣe dé, tí nọ́ọ̀sì á mú un lọ́wọ́ wá, tí àwọn tó jókòó á rẹ́rìn-ín, tí gbogbo àwọn tí mo ti sọ fún pé "ó ti kú" á máa bi mí ní ìbéèrè.

Mo wo bàsíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Takisí tó ti gbó ni, láti àárọ̀ di alẹ́ ló ń dúró tó ń lọ láàárín ìlú. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ́ìlì tirẹ̀ á dọ̀tí tó, ilé àyẹ̀wò á sọ pé mẹ́ta ló dára, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo bù ú nínú bàsíà náà, mo rọ ọ́ kún ìgò nọ́ọ̀sì, mo dé e, mo fi àkísà nu ara rẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀, irú ọkọ̀ rẹ̀ àti iye kìlómítà tó ti rìn sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà. Nígbà tó padà wá lọ́sàn-án, mo fi ìgò náà lé e lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rí nọ́ọ̀sì tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ojú títì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni ilé àyẹ̀wò náà ni. Libreville níbí ni wọ́n bí i sí, Faransé ló mọ̀ jù, Yorùbá rẹ̀ kò ní "ẹ" nínú. "O" ló ń sọ fún gbogbo èèyàn, àgbà àti ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i torí tonton àti tata, ìyẹn bọ̀dá àti àǹtí lédè Faransé, tó máa ń fi kún un.

"Tonton, wò ó," ló wí, ó tẹ́ ìwé náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan. Wọ́n ti fi íńkì pupa yí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ká. "Iyọ̀ kan wà nínú ọ́ìlì yìí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Inú omi aláwọ̀ tí wọ́n ń dà sí radiétọ̀ ló ti wá. Omi yẹn ń jò wọnú ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Bàbà àti òjé náà pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé béárìn tí irin ẹ́ńjìn ń yí lórí rẹ̀ ti ń jẹ. Tí ọkọ̀ yìí bá ń rìn báyìí, ẹ́ńjìn rẹ̀ máa kú."

Mo bi í pé, "Ṣé kì í ṣe pé ọ́ìlì tó bá ti bá omi pàdé máa ń funfun bíi wàrà?"

"Tí omi bá pọ̀ nìyẹn. Tó bá kéré, ooru ẹ́ńjìn á mú un gbẹ. O ò lè rí i, tonton. O ò lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Omi á gbẹ, iyọ̀ ò ní gbẹ."

Ẹ́ńjìn tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nígboro ní wákàtí yẹn gan-an, ó ń gbé èrò, ọ̀rẹ́ mi ló sì ń wà á. Ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é wà nílẹ̀ ní Sibang, torí nọ́ọ̀sì ní láti ọjọ́ tí ilé àyẹ̀wò ti pe òun lórí fóònù lòun ti gbé e kalẹ̀. Bí mo bá sọ òtítọ́ nígbà náà, gbólóhùn méjì péré ni ì bá gbà mí. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ má wà á o, Ẹ̀gbọ́n. Màá wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú. "Bí o bá kọ̀ láti gba ọ́ìlì yẹn fún mi ńkọ́?" ló wí. "Ẹlòmíràn ì bá bínú. Ṣé o rí i pé Ọlọ́run lò ọ́ fún wa."

Ó kù díẹ̀ ká dé ibi tí mo máa ń fò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé irinṣẹ́ mi, mo lọ sí Sibang. Bàbá, ọkọ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu géètì, ó ti múra, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń dúró de takisí tó máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Takisí méjì ti dúró kí n tó dé, nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí bí bàbá ṣe ń falẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wọlé, èkíní ní òun ń kánjú, ó sì lọ. Èkejì kàn wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni. Ọkọ̀ wọn wà nínú ọgbà, wọ́n fi tapólì bò ó.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tú èyí, mo de èyí. Mo ṣí ìdérí radiétọ̀, omi rẹ̀ kún, ó mọ́. Gbogbo ohun tí mo ń fi ọwọ́ mi kàn ló dára, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò dá a lójú. Mo wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ìwé yẹn lè ní àṣìṣe nínú. N kò rí ibi tó ti ń jò."

Ó ní, "Ṣebí òun náà ló sọ pé ojú ò lè rí i? Má fi ara ẹ ṣe wàhálà. A ó máa wọ takisí títí a ó fi rí owó tú u palẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo jẹ́rìí nípa ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Mo ní mẹkáníìkì mi kò gbéra ga, ó gbà kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, Ọlọ́run sì tipa bẹ́ẹ̀ yọ wá nínú ewu. Gbogbo ìjọ ló pàtẹ́wọ́."

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè sí mi, ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó gbé ọwọ́ náà lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan kò gbọ́ tirẹ̀, ó ń fi agbára wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò ní gbẹ. Ó ní bí mo ṣe dáàbò bo ìdílé òun, Ọlọ́run á dáàbò bo tèmi. Àdúrà náà pẹ́, nítorí bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo àkókò náà, mo mọ ohun tí mo ṣe, mo dorí kodò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ibi tó bá sì ti dúró ni mo ń sọ pé, "Àmín." Mo sọ ọ́ ketekete kó lè gbọ́.

Ibi tí mo máa ń fò nìyẹn.

Nígbà tí mo padà sí Atong Abè, mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Mo ní kó gbé takisí wá kí n wo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ti sábà máa ń gbà wọnú ọ́ìlì. Ó ní kí ló ṣe é? Mo ní kò sí, mo kàn fẹ́ wò ó ni.

"Ọ̀rẹ́, o ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì fún mi, ọkọ̀ ń dùn lọ́wọ́ mi," ló wí. "Bí mo bá gbé e sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì, kí la ó jẹ nílé?"

Mo ní, "Máa wo omi radiétọ̀ ẹ láràárọ̀ nígbà náà."

Ó ní omi rẹ̀ máa ń dín díẹ̀, pé bó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mo gbọ́ ìyẹn, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo ní kó yáa máa dà á kún un. Mo pe é lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ yẹn, mo ń yí ọ̀rọ̀ ká, n kò sọ ojú abẹ níkòó. Mo ń tan ara mi pé mo ti kìlọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn òjò ọ̀sán, wọ́n fi okùn fa takisí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ́ńjìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbá-gbá-gbá lórí òkè kan, kó tó dúró wọmù láàárín ọ̀nà pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí i tètè nínú òjò. Díẹ̀ ló kù kó kọlù ú, ó yà, ó gbá dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọ̀rẹ́ mi sọ ìyẹn fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tí kò tíì gbà á gbọ́ fúnra rẹ̀.

Mo tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìn. Béárìn ti jẹ, ó ti dúdú, irin tó ń yí nínú rẹ̀ ti há. Ọ̀rẹ́ mi lóṣòó tì mí, ó ń wò ó. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. O ní kí n gbé e wá, o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣe orí kunkun. Ọ̀rẹ́ gidi ni ẹ́."

Èèyàn méjì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ohun kan náà báyìí. N kò lè gba ìyẹn mọ́. Mo ju sípánà sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un: ìgò nọ́ọ̀sì, ọ́ìlì takisí rẹ̀ tí mo bù nínú bàsíà, ìwé tó ní íńkì pupa. N kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un.

Ó bi mí pé, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ẹ́ńjìn mi ni?"

"Láti Sátidé, kì í ṣe èyí tó kọjá yìí, èyí tó ṣáájú rẹ̀."

Ó fi ìka kà á. "Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì ní kí n máa wo omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde, ó lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ mi lọ síléèwé láràárọ̀. O mọ̀ wọ́n." Kò pariwo. Ó jáde, ó kó àwọn nǹkan rẹ̀ nínú àpótí ọkọ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí Sibang. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga nínú pálọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, mo ní mo fẹ́ dúró. Mo sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti fi ọ́ìlì ẹlòmíràn sínú ìgò, nọ́ọ̀sì jókòó. Nígbà tí mo dé ti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wò mí.

"Kí ló dé?" ló wí.

"Mo rò pé ìwé náà máa sọ pé mo ti ń tàn yín jẹ látijọ́."

"Ṣé o ti ń tàn wá jẹ?"

"N kò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ń sọ bí ẹni tó mọ̀, n kò sì mọ̀."

Ó ní, "Tóo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo gbé ìgò wá, kí ni mo máa ṣe fún ẹ?" Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí. "Mo dìde níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí. Kí ni kí n wá lọ sọ fún wọn báyìí?"

Mo ní màá wá sọ ọ́ fúnra mi bí ó bá fẹ́. Ó ní rárá, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dìde sọ nǹkan kan.

Bàbá ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ, a sì dúró dè é. Ó ní, "Ẹni... takisí yẹn. Ṣé... ara rẹ̀ le?" Mo ní ara rẹ̀ le. Ó mi orí. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi, kò sì gbàdúrà. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, mo jáde.

Mo wá irin tuntun àti béárìn fún takisí náà, mo ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì gba nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá gbé e, ó gbọ́ bó ṣe ń ró, ó ní, "Ẹ ṣé." Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń bára wa sọ̀rọ̀, "o" la sì máa ń sọ fún ara wa. Mo gbọ́ "ẹ" yẹn dáadáa. Mẹkáníìkì kan ní Sotega ló ń bá a ṣe ọkọ̀ rẹ̀ báyìí.

Mo rò pé nọ́ọ̀sì náà kò ní wá mọ́, ṣùgbọ́n ó wá. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tún pé, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin ilé àyẹ̀wò ni wọ́n jọ wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi sírínjì àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú ọ́ìlì náà jáde láti ojú ihò gééjì, láìtú u. Nọ́ọ̀sì dúró tì í títí ó fi dé ìgò, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi nígbà tó ń kọ ọ́.

Èsì rẹ̀ ni pé ọ́ìlì náà ṣì ní agbára dáadáa. Wọ́n fi sílẹ̀ títí ó fi pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Irin tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ọ́ìlì náà kò tíì ṣàn jù, kò tíì nípọn jù, ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti máa pa ásíìdì inú ẹ́ńjìn ti dín kù ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní márùn-ún, kó má lọ jù bẹ́ẹ̀ títí òun á fi rí èsì sí i. Mo bi í bóyá kí n máa sọ márùn-ún fún gbogbo oníbàárà mi. Ó ní rárá.

"Ọkọ̀ tata nìkan lèsì yìí wà fún, tonton. Takisí tó ń dúró tó ń lọ látàárọ̀, mẹ́ta lè dára fún un. O ò mọ̀, àfi tí o bá wò ó."

Mo ronú lórí gbogbo ọ́ìlì tó dára tí mo ti mú kí àwọn èèyàn dà nù, àti àwọn ẹ́ńjìn tó ń ṣàìsàn tí mo ti fi ìka ra ọ́ìlì wọn, tí mo sì ní kí wọ́n máa lọ. Kò sí bí mo ṣe lè mọ iye wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá bi mí báyìí pé ìgbà wo ni kóun padà wá, mo máa ń sọ ohun tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wí, mo sì máa ń sọ fún un níbi tí wọ́n ti lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan ti fi mí sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Wọ́n ní n kò dá ara mi lójú mọ́, òótọ́ sì ni.

Oṣù tó kọjá, mo dúró létí títì, òjò ń pa mí. Bí a ti ń ṣe é níbí, takisí á rọra sún mọ́ ọ, wàá kígbe ibi tí ò ń lọ àti iye tí o fẹ́ san sí i, tí ó bá gbà, á fọn fèrè. Mo kígbe Sotega. Ọkọ̀ náà fọn fèrè, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo wọlé, ìgbà náà ni mo tó rí i pé ọ̀rẹ́ mi yẹn ló ń wà á. Òun náà rí mi. Ó gbé ọwọ́ lé jíà, kò tíì fi sí i. Mo ní, "Mo lè sọ̀ kalẹ̀." Ó wo òjò tó ń rọ̀ níwájú wa, ó fi jíà sí i, a lọ.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń fi Faransé bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ nípa ilé tí ó fẹ́ gbà. Mo bi awakọ̀ náà bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe wà. Ó ní wọ́n wà. Nígbà tí a dé Sotega, mo na owó sí i, ó gbà á, ó ka ṣéńjì mi pé pérépéré, ó sì dúró kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa kó tó lọ.